Òòlù Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Ìbéèrè yín ti pọ̀ jù fún ẹnu mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye wákàtí tí a lò lójú ọ̀nà, kó lọ bi awakọ̀. Èmi sùn ni tèmi. Bí mo bá lajú, màá jẹ ẹ̀pà, màá tún sùn. Kaduna gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Bísí, onípákó, ní Ìkirè. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ta pákó, kò sì tíì sí agégẹdú tó lè gbé àràbà wá kó pè é ní ọ̀ganwó fún mi. Ohun méjì ló gbé mi lọ sí Kaduna. Èkíní, àbúrò mi Délé, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba ni níbẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, ó ní kí n wá bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èkejì, kí n má parọ́, òwò ni. Igi ti tán nílé. Ìtì tó ń wọ sọ́mìlì wa nísinsìnyí, igi ìdáná là bá máa pè é nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo sì ti gbọ́ pé ọ̀ganwó gidi ṣì wà lókè ọya. Mo ní bí mo bá ti kí àbúrò mi tán, ẹsẹ̀ mi lè yà sí ọjà pákó wọn.

Gonin Gora

Bí ènìyàn bá ń ti Àbújá bọ̀, Gonin Gora ni Kaduna ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé tuntun ló kún ibẹ̀, òmíràn ti ní òrùlé, òmíràn ṣì ń retí. Ibẹ̀ náà ni ìdènà ojú ọ̀nà wà. Wọ́n ní kí gbogbo èrò ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí kálukú tú ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká tọ́ka sí báàgì mi, ó fi Pidgin bi mí pé kí ni nǹkan dúdú tó wà nínú ọ̀rá yẹn.

Mo ní dòdò Ìkirè ni. Ó ní kí n jẹ ẹ́ kí òun rí i. Mo jẹ ẹ́. Ó mú ọ̀kan, ó jẹ, ó wá pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn náà yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ọ̀rá kan ti ṣófo. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí i báyìí pé kì í ṣe bọ́ǹbù?" Wọn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí n máa lọ.

Orí ìdúró yẹn la wà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan fi dé. Wọ́n fi tapólì bo ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n tapólì náà kò tó, orí ìtì igi yọ síta lẹ́yìn bí ẹsẹ̀ ẹni tí aṣọ ìbora rẹ̀ kúrú. Igi tútù ni, omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Awakọ̀ na ọwọ́ jáde, ọ̀rẹ́ mi ọlọ́dòdò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọkọ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó ká tapólì kankan sókè.

Mo bi awakọ̀ wa pé ṣé wọn kì í yẹ ìyẹn wò ni. Ó ní, "Màmá, dòdò tiyín ni wọ́n ń wá." Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Kí igi kọjá lójú ọ̀nà láìsí wàhálà, àdúrà àwa onípákó ni.

Ilé Délé kò jìnnà síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kàbà, kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Mo ní dìde jàre, orúnkún ẹ á pọ́n. Tósìn, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gba ẹrù mi. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ọmọ yìí gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo sọ, Hausa ló fi dá mi lóhùn. Mo ní, "Tósìn, ṣé o ti jẹun?" Ó ní, "E, na ci." Mo ní, "Ta lò ń bá jà?" Ìyá rẹ̀ ní ó ní òun ti jẹun ni, kí n má bínú. Kó tó di ọjọ́ kẹta, èmi náà ti ń sọ "to", ìyẹn ó dáa, àti "haba" káàkiri ilé bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ọyẹ́ àti oúnjẹ

Ọyẹ́ tiwa kì í ṣe ọyẹ́. Tiwa a máa yọjú láàárọ̀, oòrùn á lé e lọ. Tiwọn ń gbé ìlú pẹ̀lú wọn ni. Ọjọ́ kejì ni ètè mi là, ọjọ́ kẹta, gìgísẹ̀ mi tẹ̀lé e. Ìyàwó Délé gbé ìpara kan fún mi tó nípọn bí òrí, ó ní kí n máa fi ra ara láràárọ̀ àti lọ́sàn-án. Mo ń dán bí ẹja díndín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ. Láàárọ̀, máásà, èyí tí àwọn Ìlọrin ń pè ní wáínà, gbígbóná, pẹ̀lú ọbẹ̀ tàbí ṣúgà, bí ó bá ṣe wù yín. Lọ́sàn-án, túwó ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n ń pè ní míyàn táúṣe. Mo ti búra nílé pé mi ò ní í jẹ ìrẹsì tí wọ́n rò bí ọkà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fá àwo. Fúrà àti nónò nìkan ló bá mi jà, torí inú mi kò mọ wàrà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi fún ọjọ́ kan gbáko.

Ẹ̀yà mi kò pamọ́ fún wọn. Bí mo bá ti ń kọjá, "Bayarabiya" ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn mi, ìyẹn ni obìnrin Yorùbá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, Hajiya ni wọ́n ń pè mí. Mo ṣàlàyé fún oní-kẹ̀kẹ́ kan pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, pé mi ò dé Mẹ́kà rí. Ó ní "To, Hajiya." Mo fi sílẹ̀.

Òòlù

Ní ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti Délé jókòó sábẹ́ ìgbátí ilé. Ó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. Àbúrò mi yìí, tí ẹ bá fẹ́ kó dákẹ́, ẹ má dárúkọ igi.

Ó ní igbó dà bí agbo ewúrẹ́. Tí ènìyàn bá ń pa òbúkọ tó ti gbó, agbo á máa pọ̀ sí i. Tó bá pa àwọn ìyá ewúrẹ́, ó tán. Nítorí náà, nínú igbó ìjọba, ẹ̀ṣọ́ igbó ló ń yan igi tí wọ́n máa gé. Igi tí apá àgbàlagbà kò bá lè ká ni yóò yàn, yóò fi àwọn ìyá igi sílẹ̀ kí wọ́n máa so èso, wọ́n á sì gbin òmíràn dípò èyí tó lọ. Tí wọ́n bá gé igi náà tán, á fi òòlù ìjọba lu orí ìtì, á tún lu kùkùté tó kù nílẹ̀. Òòlù kálukú ní nọ́ńbà lójú, nọ́ńbà yẹn á sì wọ inú igi. Igi tí kò bá ní àmì, igi olè ni.

"Nọ́ńbà tèmi, mẹ́tàdínlógún," ó ní. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti wà lọ́wọ́ mi."

"Lọ gbé e wá kí n wò ó."

Délé wúkọ́. "Ó wà lọ́dọ̀ Bàbá Alága."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Bàbá Alága. Ọmọ Ìkirè wa ni, agégẹdú ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní apá ibẹ̀. Nígbà tí Délé dé Kaduna pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ilé Bàbá yìí ló gbé fún ọdún méjì. Bàbá ló bá a wá iṣẹ́, òun náà ló ṣe bàbá ọkọ nígbà tí wọ́n lọ tọrọ ìyàwó ní Kàbà. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Bàbá gba ìwé pé kí òun gé igi mẹ́wàá lóko àwọn kan. Ó yẹ kí Délé lọ fi òòlù lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì wọn ti ń gbé orí búlọ́ọ̀kù láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rù àwọn ajínigbé kò sì jẹ́ kí ènìyàn máa dá gun ọ̀kadà wọ inú igbó. Ni Bàbá bá ní, "Délé, kí lo fẹ́ máa dààmú ara ẹ sí? Yá mi ní òòlù yẹn, àwọn ọmọ mi á bá ẹ lù ú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún Bàbá pé rárá?" Délé ní. "Gbogbo wa náà la sì ń ṣe é."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ẹ̀ṣọ́ igbó kan nílé tí òòlù rẹ̀ ń gbé nínú bọ́ọ̀tì ọkọ̀ agégẹdú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì. Ẹnikẹ́ni kò kà á sí nǹkan.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣa ìrẹsì lẹ́bàá wa, ó gbé àtẹ náà sílẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì, òòlù yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo igi tó bá ní nọ́ńbà yẹn lára, ọrùn ọkọ mi ló wà. Tí ìkan ṣoṣo bá ti lẹ́jọ́ nínú, owó ìfẹ̀yìntì wọlẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Àǹtí! Ilé yìí ò tíì ní àjà. Tósìn ò tíì jáde ní ilé-ìwé."

Délé ní òun á lọ gbà á lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ó ní kó má da ọkàn òun láàmú.

Kudenda

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo mú Tósìn kó máa ṣe ògbufọ̀ fún mi, a lọ sí ọjà pákó kan ní Kudenda. Iléeṣẹ́ ló yí ibẹ̀ ká, lẹ́búlẹ́bú pákó ń fò káàkiri pẹ̀lú ọyẹ́. Mo fa èémí sínú, ara mi yá gágá. Ilé mi ni mo dé.

A máa ń fọ́nnu pé Yorùbá ló ni ìkíni. Ẹ lọ sí Kaduna kí ẹ lọ kẹ́kọ̀ọ́. Málàm Sání, ẹni tó ni ìsọ̀ tí a yà sí, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, mo ti na ọwọ́ sí ìtì kan pé èló ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò dá mi lóhùn. Ó bi mí nípa àárẹ̀ ọ̀nà. Ó bi mí nípa òtútù. Ó bi mí nípa ilé, ó bi mí nípa àwọn ọmọ, ó tún padà sórí òtútù. Gbogbo rẹ̀, "lafiya lau", ìyẹn àlàáfíà ni, ni Tósìn ní kí n máa fi dáhùn. Mo ń dáhùn, mo ń wo ìtì. Lẹ́yìn náà ló fún wa ní ìjókòó, ó fún wa ní omi. Ìgbà tí ojú ti wá tì mí tó, ó ní, "To, Hajiya, igi wo lẹ rí?"

Ọ̀ganwó ni, ẹ̀yin ará mi. Ó nà gbọọrọ, kò ní kókó, àwọ̀ rẹ̀ pupa láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí i rí i lọ́kàn mi bí mo ṣe máa là á. Mo yan ìtì mẹ́fà, ó so aṣọ pupa mọ́ wọn pé tèmi ni. Ó ní igi mímọ́ ni, kì í ṣe igi olè, ó sì fọwọ́ gbá orí ìtì kan kí n lè rí òòlù ìjọba tó wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti fi hàn mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ nu eruku kúrò. Mẹ́tàdínlógún.

Mo lọ sí èkejì. Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni. Mo rìn yí ìsọ̀ náà po, mo ń nu orí ìtì bí ẹni ń nu imú ọmọ, títí mo fi ka igi kẹwàá kọjá dáadáa. Igi mẹ́wàá ni ìwé Bàbá Alága sọ, láti oko àwọn kan. Èyí tó wà níwájú mi yìí dọ́gba-dọ́gba, gbogbo rẹ̀ ṣe déédéé bí ọmọ ilé-ìwé kan náà. Igi oko kì í rí bẹ́ẹ̀. Igi tí ènìyàn gbìn ní ìlà-ìlà ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Tósìn ní, "Màmá Ìkirè, kí ló dé?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún mi, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń túmọ̀. Ẹ wo bí ojú mi ṣe máa rí.

Àwọn ẹ̀gbọ́n Tósìn

Mo sọ fún Délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n bá òun ká lọ.

Ní òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbà á síṣẹ́, Délé gbin ọ̀ganwó ní ìlà mẹ́fà sí ẹnu igbó ìjọba, nítòsí títì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló ń pọn omi láti odò kékeré kan, ó ń bomi rin wọ́n. Nígbà tí wọ́n bí Tósìn, tó sì mọ ìrìn, ó mú un lọ síbẹ̀, ó ní, "Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ rèé, kí wọn." Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ìyàwó rẹ̀ a máa ní, "Bàbá Tósìn lọ wo àwọn ẹ̀gbọ́n Tósìn." Wọ́n fi àwọn igi yẹn sílẹ̀ fún èso ni. Àwọn ni ìyá igi tí wọ́n ti ń mú kóró fún gbogbo ọ̀ganwó tí wọ́n ń gbìn. Kò sí ìwé kankan láyé tó lè ní kí wọ́n gé wọn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ní ibẹ̀ ni oòrùn. Oòrùn tàn dé ilẹ̀ níbi tó yẹ kí ibòòji wà. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí kùkùté. Ìlà mẹ́rin ti lọ. Ìlà méjì ló kù, ní apá tó jìn sí títì, ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé láti pè.

Délé ń rìn láti kùkùté dé kùkùté. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń dìde. Lórí ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ti lu nọ́ńbà rẹ̀ sí i, nítòsí àárín, ó hàn gbangba. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n bá rán wá síbẹ̀, á wo kùkùté, á rí òòlù ìjọba, á ní kò burú, á máa lọ.

Délé jókòó sórí ọ̀kan, ó sunkún. Mi ò rí i kó sunkún láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa. Inú bí mi sí Bàbá Alága, inú bí mi sí Délé, inú bí mi sí ara mi tí mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìsinmi. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí, òòlù mi ni wọ́n fi gé wọn."

Ungwan Rimi

Ungwan Rimi ni Bàbá Alága ń gbé, ibẹ̀ la lọ láti gba òòlù náà. Ẹ ò rí ibẹ̀! Igi ló bo títì, ẹyẹ ń ké, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Tósìn ní rímì ni Hausa ń pe àràbà. Mo ní àwọn igi ibẹ̀ ṣoríire, olówó ni aládùúgbò wọn, kò sẹ́ni tó máa gbé ayùn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní, "Dìde, ọmọ mi," ó fi zóbò tútù àti kílíṣí ṣe wá lálejò. Kílíṣí náà dùn, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí Délé sọ ohun tí a rí, Bàbá mi orí.

"Àwọn ọmọ yẹn ṣìṣe. Mo ti bá wọn wí. Ìtanràn kúkú wà fún irú ẹ̀, màá lọ san án."

Ìtanràn yẹn, láti ayé ìgbà tí kọ́bọ̀ ṣì ń ra búrẹ́dì ni wọ́n ti fi í lélẹ̀. Kò lè ra pákó kan ní ìsọ̀ mi. Délé ní, "Bàbá, mo máa kọ ìwé sí ọ́fíìsì."

Bàbá kò bínú. Ó wò ó bí bàbá ṣe ń wo ọmọ. "O máa kọ̀wé. Ó dáa. Nọ́ńbà ta ló wà lára igi, Délé? Ṣé tèmi ni? Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹ. Lọ sinmi, jẹ owó rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ bí ọmọ bíbí mi." Ó gbé òòlù náà jáde, ó ti fi ìwé ìròyìn dì í dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo gbà pé ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́.

Bí a ṣe ń bọ̀, mo sọ fún àbúrò mi pé kó dákẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́, ẹ má wá ẹlòmíràn. Mo ní, "Délé, igi ti lọ, kò lè hù padà. Owó rẹ ṣì wà níbẹ̀." Mo tiẹ̀ ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìfági fá orí ìtì tí àmì á fi pòórá, mo ti rí i ní sọ́mìlì.

Délé ní, "Àǹtí, ìlà méjì ló kù. Tí mo bá dákẹ́, òòlù ẹlòmíràn ni Bàbá máa yá lọ́la. Gbogbo wa là ń yá wọn. Ọ́fíìsì rò pé òòlù ló ń ṣọ́ igbó. Ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́ sínú ìwé rí."

Ọ́fíìsì

Ọkọ̀ tí Délé sọ nípa rẹ̀, mo rí i. Ó wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lóòótọ́, adìyẹ kan sì ń sàba lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wọn, ẹni jẹ́jẹ́ tó dé fìlà pupa, ka ìwé Délé lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, ó ní Ìlọrin ni òun ti kàwé.

"Délé, ṣé o mọ ohun tí o kọ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Igi tó wà lọ́jà, ta ló rí i?"

Ó kàn mí. Mo ní èmi ni, mo rí i ní Kudenda. Ọ̀gá fa ìwé kan súnmọ́ ara rẹ̀, ó mú gègé, kò kọ nǹkan kan.

"Màmá, ọyẹ́ pọ̀, eruku wà. Àmì òòlù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣé kò lè jẹ́ mọ́kànlá lẹ rí? Ẹni tó ni òòlù mọ́kànlá ti kú lọ́dún tó kọjá. Òkú kò retí owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Àánú wa ló ń ṣe é, ẹ jẹ́ kó yé yín. Kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ń wá ọ̀nà tí Délé máa fi lọ sílé ní àlàáfíà, tí ìwé rẹ̀ náà á sì wà nínú fáìlì. Mo wo Délé. Ilẹ̀ ló ń wò. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò bẹ̀ mí, kò ní kí n sọ ọ́, kò ní kí n má sọ ọ́. Mọ́kànlá ti dé ètè mi, Ọlọ́run gbọ́. Mo rántí ilé tí kò ní àjà. Mo sì rántí pé tí mo bá sọ mọ́kànlá, olóògbé nìkan ló jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó yá ẹnikẹ́ni ní òòlù, ọjọ́ kejì ni wọ́n á padà wá gé ìlà méjì yẹn.

Mo ní, "Mẹ́tàdínlógún ni, ọ̀gá. Ọwọ́ mi ni mo fi nù ún."

Ó mí kanlẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e rèé. Kó tó di ọ̀sán, Bàbá Alága ti san ìtanràn rẹ̀, wọ́n sì dá igi rẹ̀ tí wọ́n lọ dá dúró ní Kudenda sílẹ̀. Èmi kò ra ìkankan. Wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀ṣọ́ igbó kó òòlù wọn wá, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá. Mẹ́rin ni kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó wà. Ìlà méjì yẹn ṣì dúró nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì Délé, wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá parí ìwádìí. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí ìwádìí máa parí. A kò ṣe ìdúpẹ́ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀ nílé, ìyàwó Délé ti jí ṣáájú mi. Ó ti dín máásà, ó ti di kílíṣí sínú ọ̀rá, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì mi pẹ̀lú ìpara. Ó bá mi gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run gbé mi délé láyọ̀. Mo ní kó dìde. Kò dìde. Ó mú ọwọ́ mi, ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Àǹtí mi, ẹ̀ bá jẹ́ kí òkú gbé e fún wa."

Mo gbé báàgì mi, mo wọkọ̀.